Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Lára Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ńlá tó ti Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ alágbàfọ̀ mi gbèrú. Katakata ti hú ilẹ̀ láti ìyànà wa ní Ajah títí lọ sí apá Lẹ́kkí, eruku sì ń wọ inú ilé gbogbo ènìyàn. Aṣọ funfun tí ènìyàn bá wọ̀ jáde láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti ní àwọ̀ búrẹ́dì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti ní ọ́fíìsì ń ráhùn. Èmi ò ráhùn ní tèmi, torí ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ wọn ń bọ̀.

Iwájú ilé tí a háyà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù tí ọkọ mi kàn fún mi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta ni mo ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ti dàgbà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn jẹ́ olójú méjì: ojú kan fún fífọ aṣọ, ojú kejì, tó kéré tó sì jìn bí ìkòkò, fún fífún un. Inú ojú kejì yẹn ni agbọ̀n onírin kan wà tó ń yí kíákíá títí omi á fi jáde lára aṣọ. Aṣọ tó bá ti ibẹ̀ jáde, ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Nígbà òjò, agbọ̀n yẹn ni mo gbójú lé, torí kò sí ibi tí mo lè sá aṣọ sí kó pẹ́ lórí okùn.

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Apá Ìbẹ̀jú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sínú igbó. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Nítorí náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa, èmi àti bàbá la jọ máa ń wà nílé látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìyá ọkọ mi ti ṣaláìsí lọ́dún tó ṣáájú. Bàbá dá gbé ilé wọn ní Ìkìrun fún oṣù díẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ránṣẹ́ sí wa pé wọn ò jẹun bó ṣe yẹ mọ́, ni ọkọ mi bá lọ kó wọn wá. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn nígbà yẹn kò pọ̀. Mo mọ̀ pé láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń hun aṣọ, pé àwọn ni wọ́n ń tún mọ́tò àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, àti pé nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ni wọ́n padà sí Ìkìrun. Bàbá gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ọwọ́ wọn nípọn ju bó ṣe yẹ fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ le fún mi gan-an. Láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í dáhùn. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, tí mo yí padà, tí mo bi wọ́n bóyá ọbẹ̀ tó, bí ẹni pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni. Mo lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbójú sókè. Ṣùgbọ́n tí ọkọ mi bá ti dé lálẹ́, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: wọ́n á sọ ti sìmẹ́ńtì, wọ́n á sọ ti Ìkìrun, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo wà nílé látàárọ̀ kò rí nínú ẹ̀rín yẹn gbà.

Mo rò ó títí, mo sì fi sí ọkàn mi pé iṣẹ́ mi ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì tún lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, àmọ́ aṣọ ìdọ̀tí ẹlòmíràn ni mò ń fọ̀ níwájú ilé lójú gbogbo ayé. Bóyá ó ń tì wọ́n lójú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní ọ̀fọ̀ ìyá ló ṣì ń ṣe bàbá, kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù, ṣùgbọ́n mo dín ọ̀rọ̀ kù. Mo ṣì ń kúnlẹ̀, mo kàn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn mọ́.

Bó ṣe rí nìyẹn títí di ọjọ́ Túsìdeè kan tí ẹ̀rọ olójú méjì mi daṣẹ́ sílẹ̀. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré kan ní Badore ló wà lọ́wọ́ mi, funfun ni gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì máa wọ̀ ọ́. Mo fọ ọ́ tán, mo kó o sínú agbọ̀n, mo pa ìdérí dé, mo yí bọ́tìnnì. Agbọ̀n kò yí. Ẹ̀rọ náà kàn ń kùn, hùn-ùn-ùn, bí ẹni tí inú ń run. Mo pa á, mo tún tan án. Kíkùn náà ni.

Mo pe ọkùnrin tó máa ń bá mi tún wọn ṣe. Ó dé, kò tiẹ̀ tú nǹkan kan. Ó tan án, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó fi imú gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní mọ́tò ti jóná. Ó ní kò sí mọ́tò irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Èkó, pé òun á bá mi gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin. Ó ti ń wá ẹni tó máa bá a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí bàbá dìde lórí àga wọn.

Wọ́n rìn wá, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, gbalaja, bí ènìyàn ṣe ń fọwọ́ lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n fi orí ṣàpẹẹrẹ fún mi pé kí n tan án. Mo tan án. Wọ́n di ojú, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ní kí n pa á.

“Mọ́tò yìí ò jóná,” ni wọ́n wí.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Bàbá ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó bínú, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ nínú òjò.

Bàbá ní kí n yọ wáyà ẹ̀rọ lára ògiri. Wọ́n kó aṣọ kúrò nínú agbọ̀n, wọ́n fi ọwọ́ yí i. Ó yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ó sì pẹ́ kó tó dúró. Wọ́n ní kí èmi náà yí i wò. Wọ́n ní tí irin tí agbọ̀n dúró lé bá ti gbẹ tàbí tó ti jẹ, kò ní yí bẹ́ẹ̀, á máa ha. Wọ́n fi hàn mí bí bíréèkì rẹ̀ ṣe ń di agbọ̀n mú nígbà tí ìdérí bá ṣí, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ìdérí bá padé. Bíréèkì náà ń tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dá iná padà. Wọ́n mú igi gígùn tí mo fi ń ro aṣọ, wọ́n fi dí ibi tí ìdérí máa ń tẹ̀ kí bíréèkì má baà dì í mú, wọ́n ní kí n jìnnà, wọ́n sì fi igi kejì ti agbọ̀n náà díẹ̀ bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà. Agbọ̀n gbéra. Ó ń yí, ó ń sáré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bó ṣe máa ń dún.

“Ó lágbára láti sáré,” ni bàbá wí. “Agbára àtigbéra ni kò ní.”

Nígbà tí wọ́n tún pa iná tí wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi nǹkan kan hàn mí tó dà bí agolo tòmátò kékeré, wáyà méjì lára rẹ̀. Kapásítọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n ní òun ló máa ń ti mọ́tò nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Mo na ọwọ́ sí i, bàbá gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní iná máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ ọ́ lára ògiri, pé ó ti gbá ọkùnrin kan ṣubú lójú àwọn rí. Wọ́n ní kí n mú gílóòbù kan wá, wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n fi kan ẹnu kapásítọ̀ náà. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fọwọ́ mú un. Ikùn rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tó mu omi.

Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ lẹ́bàá ọjà Ajah, mo mú èyí tó ti wú dání, mo bá wọn wá irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ti jáde nínú agbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn bàbá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọwọ́, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Wọ́n gbọn omi ọwọ́ wọn dànù, wọ́n sì kọjá lọ sórí àga wọn láìsọ nǹkan kan. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, nǹkan yí padà. Bàbá ò jókòó kalẹ̀ mọ́. Tí mo bá ti tan ẹ̀rọ, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á mú ọwọ́ mi, wọ́n á gbé e lé ara ẹ̀rọ kejì, wọ́n á ní, “Yanrìn kan wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ, àbí? Irin tó di agbọ̀n mú ló ń gbẹ.” Wọ́n á gbé e lé ìkẹta: “Èyí ń já, ó sì ń yọ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti rọ̀.” Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo tẹ́sítà, ohun kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ bíi ti aago. Tí a bá fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan wáyà mọ́tò, tí abẹ́rẹ́ bá gbéra, wáyà inú mọ́tò pé. Tí kò bá mira, wáyà ti já tàbí ó ti jóná.

Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn oníbàárà mi rí wa, wọ́n sọ fún ara wọn, ẹ̀rọ àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé inú àwọn ilé onígéètì tó rẹwà jù lọ ní Lẹ́kkí ni àwọn ẹ̀rọ tó gbó jù lọ wà, ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tí àwọn tó ni wọ́n ò fẹ́ jù nù.

Ọ̀kan nínú wọn ni ti ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà rẹ̀ gbé e wá nínú píkọ́ọ̀pù, òun náà bá a wá. Olójú méjì bíi tèmi ni, ó sì gbó ju tèmi lọ. Ìlú òyìnbó ló ti rà á nígbà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú rẹ̀ ló ti fọ ìtẹ́dìí gbogbo ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ yìí ti ra tuntun fún òun, èyí tó máa ń kọrin tó bá fọṣọ tán, pé òun da aṣọ bò ó, òun sì gbé òdòdó lé e lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, mò ń sá aṣọ. Bàbá ni ìyá náà bá sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣàlàyé. Nígbà tí mo fi dé iwájú, ó ti ń wọ ọkọ̀.

A kó aṣọ díẹ̀ sínú agbọ̀n rẹ̀, a tan án. Ó yí dáadáa, bàbá gbé ọwọ́ lé e, ojú wọn le. Kò pẹ́ púpọ̀, mo gbọ́ kinní kan dún nínú rẹ̀, kẹ́, bíi ti ẹni tó ṣẹ́ èékánná. Ẹ̀rọ náà rọ̀, ó rọ̀, ó dákẹ́. Kò kùn. Mo rò pé aláǹgbá kan ló bọ́ látorí páànù.

Bàbá yọ iná, wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi tẹ́sítà kan wáyà mọ́tò. Abẹ́rẹ́ ò mira. Wọ́n tún kàn án. Kò mira. Wọ́n ní wáyà inú rẹ̀ ti já, pé àfi kí àwọn gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí àwọn sì fi wáyà bàbà tuntun wé e. Ó hàn lójú wọn pé inú wọn dùn sí i. Ọdún pípẹ́ ni wọn ò ti wé mọ́tò. Wọ́n ní kí n pe ìyá náà kí n sọ fún un. Mo pè é, ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, kí a ṣe é. Bàbá jẹun ọ̀sán, wọ́n lọ sinmi nínú ilé.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, mò ń ká aṣọ. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò tíì dún, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà sì ti pa katakata wọn lọ jẹun. Ó pẹ́ tí Ajah ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo tún gbọ́ ọ: kẹ́. Inú ẹ̀rọ ló ti wá. Wáyà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò kan iná rárá.

Mo mú tẹ́sítà, mo ṣe bí bàbá ṣe kọ́ mi. Abẹ́rẹ́ gbéra. Mo yọ ọ́, mo tún un kàn, ó tún gbéra. Wáyà mọ́tò náà pé.

Mo jókòó padà. Bí inú mi ṣe dùn tó ni ẹ̀rù bà mí tó. Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé ó ti ṣì í sọ, pàápàá bàbá tí kì í dá a lóhùn? Mo rò ó pé kí n dákẹ́. Tí wọ́n bá wé mọ́tò náà, á kúkú yí. Ṣùgbọ́n wáyà tó wà níbẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀, pé ṣé a ti jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sinmi ṣáájú. Ó ní òun sọ fún bàbá, kedere, pé tó bá yí díẹ̀ á dákẹ́, tó bá sì sinmi tán á tún máa ṣiṣẹ́, bàbá sì mi orí.

Ó mọ́ mi lára láti máa rò pé èmi nìkan ni bàbá kì í dá lóhùn. Mi ò mọ ìdí tí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá tí wọn ò rí rí.

Nígbà tí bàbá jáde, pílásì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú ẹ̀rọ, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.” Wọn ò dáhùn. Mo tún un sọ. Wọn ò yíjú. Lọ́jọ́ mìíràn, mi ò bá ti bá tèmi lọ. Lọ́jọ́ náà, mo yí lọ síwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì di ọwọ́ tó mú pílásì náà mú.

Wọ́n gbójú sókè. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú mi. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ, wọ́n sì ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù. Ìgbà náà ló yé mi. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn já lu ara wọn nínú orí mi: ìkíni àárọ̀ tí mo máa ń ṣe lẹ́yìn wọn, ọbẹ̀ tí mo ń béèrè nígbà tí mo ti yí padà, ọpẹ́ tí mo dú nígbà tí wọ́n ń fọwọ́.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo jẹ́ kó nípọn bíi ti ọkùnrin, mo sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ?”

Wọ́n gbé pílásì sílẹ̀.

“Mò ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ,” ni wọ́n wí. “Tìrẹ ń dà bíi ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ yẹn ló kó o lọ. Ọgọ́rùn-ún nínú wọn máa ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, látàárọ̀ dalẹ́.”

Mo béèrè pé ta ló mọ̀. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ló mọ̀, òun nìkan. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá ń bá àwọn sọ̀rọ̀ níbikíbi, á rọra fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ àwọn, àwọn á sì yíjú sí ẹni náà. Láti ọjọ́ tó ti ṣaláìsí ni kò ti sí ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn mọ́.

Mi ò mọ̀gbà tí omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé mo ti rò pé iṣẹ́ mi ń tì wọ́n lójú, pé wọn ò fẹ́ràn mi. Ó yà wọ́n lẹ́nu gidi. Wọ́n wo okùn tí aṣọ wà lórí rẹ̀ láti òpin kan dé òpin kejì.

“Aṣọ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe,” ni wọ́n wí. “Báwo ni iṣẹ́ aṣọ ṣe máa ti èmi lójú?”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí mo gbọ́. Mo sọ fún wọn nípa kẹ́ àkọ́kọ́ àti kẹ́ kejì, mo sọ ohun tí ìyá nọ́ọ̀sì wí, mo sì fi tẹ́sítà kan wáyà náà lójú wọn. Abẹ́rẹ́ gbéra. Bàbá wò ó, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ rí lọ́sàn-án. Wọ́n ní súwíìṣì kékeré kan ló wà nínú mọ́tò náà. Tí mọ́tò bá gbóná jù, á pa á kó má baà jóná. Tó bá tutù, á tún ṣí i padà. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́, àwọn náà máa ń gbọ́ ọ.

Ó wá ku ohun tó ń mú un gbóná. A fi ọwọ́ yí agbọ̀n rẹ̀, ó wúwo, kò lọ jìnnà kó tó dúró. A yọ agbọ̀n náà. Okùn ṣòkòtò kan ló wé mọ́ irin tó di agbọ̀n mú, ó ti wé yíká yíká, ó fún mọ́ra, òwú àti irun sì ti di mọ́ ọn títí ó fi le bí awọ. Mo fi bíléèdì gé e kúrò, ó gbà mí ní àkókò díẹ̀, bàbá ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. A nu irin náà, a fi gíríìsì sí i, a dá gbogbo rẹ̀ padà. Nígbà tí iná dé, a tan án. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, èmi gbé etí sí i. Ó yí títí tí àsìkò rẹ̀ fi pé. N kò gbọ́ kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí ìyá nọ́ọ̀sì dé, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bo bàbá láṣìírí. Wọn ò dúró dè mí. Wọ́n dìde kí ìyá náà, wọ́n ní, “Èmi ni mo ṣì í sọ lánàá. Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́. Ìyàwó mi yìí ló gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yín.” Ìyá náà mú okùn tí mo gé, ó nà án wò, ó ní ti ọkọ òun ni, pé ó ti wá okùn yẹn títí ó fi sú u, ó sì fẹ̀sùn kan òun pé òun sọ ọ́ nù. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ó di nọ́ọ̀sì padà. Ó jókòó síwájú bàbá, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè nípa etí wọn, ó sì kọ orúkọ ilé ìwòsàn kan fún mi, kí n fún ọkọ mi.

Bàbá jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì fún bàbá ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n á máa fi sétí. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lò ó nílé. Wọ́n ní katakata ọ̀nà ńlá ti wọ inú orí àwọn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi sínú àpótí. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń mú un jáde, kí wọ́n lè gbọ́ wáàsí. Nílé, mo kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ níwájú wọn, pẹ̀lú ohùn tó nípọn. Tí àlejò bá sì wà, mo máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, wọ́n wò mí, wọ́n yíjú sí àlejò, wọ́n sì dá a lóhùn.

Wọ́n parí ọ̀nà náà, eruku dín kù, aṣọ sì dín kù díẹ̀. Ẹ̀rọ ló wá pọ̀. Ọkọ mi kàn páànù sí i fún wa. Mo ti wá mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní ó ti jóná kò jóná. Bóyá nǹkan kékeré kan ló dì í mú, tàbí omi ni kò rí ọ̀nà jáde, tàbí súwíìṣì ìdérí ni kò kan ara wọn, tí ẹ̀rọ á sì máa rò pé ìdérí ṣí sílẹ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín: mo máa ń ní kó sọ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe ṣe kó tó daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Bàbá ti dàgbà gan-an báyìí, wọn kì í tẹ̀ ba mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì ń jáde sábẹ́ páànù láràárọ̀. Sátidé tó kọjá, ọkọ mi wà nílé, òun náà sì jókòó tì wá. Ẹ̀rọ kan ń fún aṣọ, ó ń mì ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní irin tó di agbọ̀n mú ló ti jẹ. Mo tẹ́tí sí i, mo ní rárá, sípíríǹgì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló já. A jiyàn, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣí i, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ṣoṣo tí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀ ló ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tú u, mo tò ó yíká agbọ̀n, mo tan án, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bàbá ní kí ọkọ mi lọ bu omi tútù wá, kí a mu gààrí.